Bí a ṣe ń yan strap lock, àti bí a ṣe ń dè é mọ́ gìtá oníná

Gìtá tó bá já bọ́ lọ́rùn ẹni tó ń ta á, orí ló sábà máa ń fi gúnlẹ̀. Gibson Les Paul àti ọ̀pọ̀ Epiphone tó jọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn, ìwọ̀n dígírì 17 lára ọ̀pọ̀ Gibson; igi mahogany ni ọrùn ọ̀pọ̀ nínú wọn; ibi tí orí ti pàdé ọrùn, níbi tí igi ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tún gbẹ́ ihò sí fún irin tó gba inú ọrùn kọjá. Bó bá fi lè kan símẹ́ńtì, ibẹ̀ ló máa ṣẹ́. Fender, tí orí rẹ̀ kò tẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi síkúrù de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, máa ń fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ dán an wò.

Kí ló ń mú kí bẹ́líìtì bọ́? Bọ́tìnnì tó bá gìtá wá láti ilé iṣẹ́ kò ju irin kékeré olórí pẹrẹsẹ lọ. Ihò tí wọ́n gé sí etí bẹ́líìtì la fi ń há a. Nígbà tí bẹ́líìtì ṣì wà ní tuntun, awọ rẹ̀ le, ihò rẹ̀ sì fún. Òógùn àti ọjọ́ orí ló ń rọ̀ ọ́, ihò á fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí títẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á fi yọ ọ́. Lóde àríyá, ewu náà tún pọ̀ sí i. Onígìtá jùjú kì í jókòó sójú kan. Ẹni tó bá ti rí King Sunny Adé lórí pèpéle mọ̀ pé ijó àti gìtá kì í yà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ náwó á rọ́ wá síwájú, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, ọwọ́ ẹnì kan á sì gbá bẹ́líìtì láì mọ̀ rárá.

Strap lock, ìyẹn ohun tó ń ti bẹ́líìtì mọ́ bọ́tìnnì gìtá kó má baà bọ́, ló wà fún èyí. Àmọ́ kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé yín: irin dídán tí ẹ fẹ́ rà yẹn kọ́ ló gbé gìtá dúró. Síkúrù tó wọnú igi ló gbé e, àti nọ́ọ̀tì tàbí kílíìpù tó di etí bẹ́líìtì mú. Bí gìtá bá ṣubú pẹ̀lú strap lock lára, ọ̀kan nínú ibi méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ síkúrù àti igi ni.

Èwo ni kí ẹ rà?

Rọ́bà ló rọrùn jù, kò sì ní kí ẹ tú ohunkóhun lára gìtá. Fender ń ta tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ Strap Blocks. Àwọn onígìtá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń lo rọ́bà ẹnu ìgò bíà Grolsch ti ilẹ̀ Netherlands fún iṣẹ́ yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Níbi tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò sí, túúbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́ ṣeé lò. Ẹ gé e ní róbótó, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 25, kí ẹ lu ihò mílímítà 6 tàbí 7 sí àárín, kí ẹ sì fi méjì léra bó bá fẹ́lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì kọ́ bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà kí ẹ wá na rọ́bà kọjá orí bọ́tìnnì kó jókòó sórí bẹ́líìtì, ní apá ìta. Kò gbọdọ̀ kan ara gìtá, pàápàá gìtá tí wọ́n fi ọ̀dà nitrocellulose kùn, torí rọ́bà máa ń ba irú ọ̀dà yẹn jẹ́. Fún gìtá tí ẹ kò fẹ́ fọwọ́ kàn, tàbí gìtá ẹlòmíràn tí ẹ yá fún ìgbà díẹ̀, rọ́bà tó. Bí ẹ bá ti rí i tó ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá wá di ti irin, orúkọ méjì ni ẹ máa gbọ́ jù: Schaller ti ilẹ̀ Jámánì, àti Straplok ti Jim Dunlop ní Amẹ́ríkà. Dunlop yìí kò bá Dunlop onítáyà tan o.

Ti Schaller ní irin kan tó rí bíi lẹ́tà U, èyí tí ẹ máa dè mọ́ etí bẹ́líìtì. Irin U yìí á yọ́ wọ abẹ́ orí bọ́tìnnì láti ẹ̀gbẹ́, abẹ́rẹ́ irin kan tó ní sípíríǹgì á sì bọ́ sínú ihò ojú bọ́tìnnì kó má baà padà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ ó fa orí abẹ́rẹ́ náà síta, ẹ ó sì yọ́ ọ kúrò. Èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì lásán ló di etí bẹ́líìtì mú. Nọ́ọ̀tì yẹn sì ni àléébù rẹ̀, torí ó máa ń tú fúnra rẹ̀. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní S-Locks, ní síkúrù kékeré kan tó ń ti nọ́ọ̀tì náà pa.

Ti Dunlop kò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Tààrà ló ń wọ inú bọ́tìnnì, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké á sì di í mú nínú lọ́hùn-ún. Ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó tó lè jáde. Ó máa ń yí lọ yí bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà bẹ́líìtì kì í lọ́. Wọ́n ń ṣe é ní oríṣiríṣi. Dual Design gba bẹ́líìtì lásán náà. Flush Mount ní tirẹ̀ máa ń rì sínú igi, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi sí i láì gbẹ́ ihò ńlá. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó mọ iṣẹ́ igi dunjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi Flush Mount sílẹ̀. Ihò yẹn kò ṣeé dá padà.

Èwo lèmi máa mú? Fún gìtá tó wúwo àti fún béèsì, Schaller. Ìdí ni pé bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ kọṣẹ́, irin U ṣì wà lábẹ́ bọ́tìnnì tó gbé gìtá dúró, bí ẹ bá dè é síbi tó yẹ kó kọjú sí. Màá ṣàlàyé ìyẹn níwájú. Fún ẹni tó ń pààrọ̀ gìtá láàárín orin kan sí òmíràn, Dunlop yá ju ú lọ. Loxx tún wà, ará Jámánì bíi ti Schaller, irú ìdè tí wọ́n ń lò fún ìbòrí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ó gbé orí rẹ̀ sókè kó tó tú. DiMarzio ní tirẹ̀ ń ta ClipLock, bẹ́líìtì tí ẹ máa fi síkúrù de etí rẹ̀ mọ́ gìtá pátápátá, tí ìyókù rẹ̀ á sì máa fi kílíìpù yọ.

Ẹ má ra ti ilé iṣẹ́ kan fún bẹ́líìtì, kí ẹ ra ti òmíràn fún gìtá. Schaller àti Dunlop kò bára wọn mu. Fún gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tí oríṣiríṣi èèyàn ń ta, ẹ rí i pé bọ́tìnnì tí ẹ máa dè sí i ṣì lè gba bẹ́líìtì lásán. Ti Schaller gbà á, Dual Design náà gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹni tó ni bẹ́líìtì kò bá wá ìsìn, orí ìjókòó ni ẹni tó kù ti máa ta gìtá.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, àwọn kan nínú wọn sì jọ ojúlówó débi pé ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ yẹ ìwà rẹ̀ wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fa abẹ́rẹ́, kí ẹ jọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ariwo, kì í ṣe kó máa rọra wọ́ lọ. Ẹ fi bọ́tìnnì sínú rẹ̀, kí ẹ fà á tọwọ́tọwọ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kó mì díẹ̀ kì í ṣe àléébù. Kó yọ ni àléébù.

Bó bá jẹ́ gìtá onípákó (acoustic) tí ihò jáàkì, ibi tí wáyà àńpù ń wọ̀, wà nínú bọ́tìnnì ìdí rẹ̀ lẹ ní, àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí kò ní wọ ibẹ̀. D'Addario ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní CinchFit fún irú rẹ̀.

Irinṣẹ́

Síkúrùdíráfà tí ẹnu rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ìwọ̀n PH2. Èyí tí wọ́n fi ń tú fóònù máa jẹ ojú síkúrù dànù. Dírìlì, pẹ̀lú ẹnu mílímítà 2, 2.5 àti 3. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò. Igi ìtayín. Àbẹ́là. Téèpù. Sípáná tó bá nọ́ọ̀tì mu. Fún Schaller àtijọ́, Loctite aláwọ̀ búlúù, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú fúnra rẹ̀. Ẹ jìnnà sí aláwọ̀ pupa, torí bó bá gan tán, iná lẹ máa fi tú u.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tú bọ́tìnnì àtijọ́, kí ẹ fi síkúrù méjèèjì wéra

Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, kí ẹ gbé gìtá lé e, kí ẹ fi nǹkan rírọ̀ ti ọrùn rẹ̀. Kò sídìí láti tú wáyà rẹ̀. Ẹ tẹ síkúrùdíráfà mọ́ síkúrù gírígírí kí ẹ tó yí i.

Tó bá ti jáde, ẹ mú un pẹ̀lú èyí tó bá strap lock wá, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: bó ṣe nípọn, bó ṣe gùn, àti bí orí rẹ̀ ṣe rí. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Síkúrù tuntun wọlé, ó dúró, wọ́n bá ta gìtá wọn lọ, láì mọ̀ pé síkúrù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ihò tó ti fẹ̀ jù fún un.

Bí tuntun bá nípọn bíi ti àtijọ́ tàbí tó jù ú lọ díẹ̀, tó sì gùn tó o, kò sí wàhálà, ẹ kọjá sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá síkúrù àtijọ́ lè gba inú bọ́tìnnì tuntun kọjá, kí orí rẹ̀ sì rì wọnú rẹ̀ pátápátá. Lára Schaller àti Dunlop, orí síkúrù tó bá yọ síta ojú bọ́tìnnì ò ní jẹ́ kí irin wọlé dé ibi tó yẹ. Ó lè jọ pé ó ti há, kó sì jẹ́ pé kò há. Bí orí rẹ̀ bá tóbi jù, ẹ mú síkúrù àtijọ́ náà àti bọ́tìnnì tuntun dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá síkúrù igi tó nípọn bákan náà, tí orí rẹ̀ kéré, tó gùn tó mílímítà 25 sí 32. Kó má jẹ́ síkúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan pákó síílìn o. Irin rẹ̀ le ṣùgbọ́n kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń kán sínú igi, yíyọ rẹ̀ sì máa ń ba gìtá jẹ́ ju ìṣubú lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dí ihò tó bá ti fẹ̀

Ẹ̀rí pé ihò ti fẹ̀ ni pé síkúrù ń yí ṣùgbọ́n kò fún, tàbí pé ọwọ́ lásán lẹ fi fà á yọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára gìtá olówó pọ́ọ́kú, torí igi rírọ̀ bíi basswood àti poplar ni wọ́n fi ń ṣe ara ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ fi igi ìtayín kan fa gọ́ọ̀mù sínú ihò. Ẹ wá máa ki igi ìtayín tí ẹ ti ra gọ́ọ̀mù sí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí òmíràn ò fi lè wọlé mọ́, kí ẹ sì rọra gbá wọn títí wọ́n á fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu gọ́ọ̀mù tó bá dà sára ọ̀dà kíákíá. Ẹ fi abẹ gé orí igi náà kó bá ara gìtá dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bẹ́ẹ̀ ni, odindi wákàtí 24, bí òde àríyá tilẹ̀ wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Súpà gúlù yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kán rẹ̀ kan lórí ọ̀dà gìtá ti tó láti dá àpá sí i.

Ihò tó ti fẹ̀ kọjá ohun tí igi ìtayín lè dí, ẹ fi dírìlì sọ ọ́ di róbótó tó mọ́, kí ẹ fi ọ̀pá igi líle tó bá a mu rẹ́gí dí i pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Ọ̀pá igi náà gbọ́dọ̀ fún díẹ̀ kó tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lu ihò, kí ẹ de bọ́tìnnì tuntun

Ẹ gbé ẹnu dírìlì síwájú síkúrù, kí ẹ fi ojú kan wò ó. Ó yẹ kó bo ọ̀pá àárín síkúrù, kí eyín rẹ̀ sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fún síkúrù mílímítà 3.5, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 2 nínú igi rírọ̀ àti 2.5 nínú igi líle. Ẹ we téèpù mọ́ ẹnu dírìlì níbi tí jíjìn síkúrù mọ, kí ẹ má baà lu ihò kọjá ààlà.

Ọ̀dà ọ̀pọ̀ gìtá òde òní le, ó sì máa ń sán. Ẹ mú ẹnu dírìlì tó tóbi ju ihò lọ, kí ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀ létí ihò, kí ẹ fi há ọ̀dà etí rẹ̀ kúrò, kó tó di pé eyín síkúrù gbé e sókè. Ẹ fi síkúrù ha àbẹ́là dáadáa. Ẹ fi wáṣà aṣọ onírun tó bá strap lock wá sí abẹ́ bọ́tìnnì, kó má baà fá ọ̀dà. Ẹ wá fi ọwọ́ de síkúrù, kì í ṣe dírìlì: ẹ yí i wọlé díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún yí i wọlé. Bí bọ́tìnnì kò bá ti lè yí mọ́ nígbà tí ẹ bá fi ìka fún un, ẹ dáwọ́ dúró. Agbára tó bá lé lórí ìyẹn, ihò ló ń fẹ̀.

Ti Gibson SG yàtọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti apá òkè wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti pàdé ara, irin strap lock á sì máa kan ẹni tó ń ta á níkùn. Àwọn kan máa ń ṣí i lọ síbòmíràn. Ẹ má fúnra yín lu ihò tuntun nítòsí ọrùn. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bẹ́líìtì

Ihò bẹ́líìtì lè kéré jù fún irin tuntun. Ṣúmékà ní irin tí wọ́n fi ń lu ihò bẹ́líìtì ṣòkòtò. Ẹ ní kó bá yín lu ú róbótó. Ihò tí wọ́n fi abẹ fà á máa ń ya lọ.

Schaller: ọrùn irin U tí eyín wà lára rẹ̀ á gba inú bẹ́líìtì kọjá, láti apá tó kọjú sí gìtá sí apá ìta. Wáṣà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì. Kí ẹ tó fún un pinpin, ẹ wo ibi tí ẹnu U kọjú sí. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí bẹ́líìtì gbà lọ sí èjìká; ìdí U á wá wà lápá etí bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì ń fà sókè, gìtá ń wọ́ nílẹ̀, bọ́tìnnì á sì jókòó sínú ìdí U. Bí abẹ́rẹ́ bá kán lọ́jọ́ yẹn, gìtá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yí i sódì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹn nìkan ló fi gbé gìtá bíi kílò mẹ́rin kọ́.

Ẹ kán Loctite búlúù kan ṣoṣo sí eyín nọ́ọ̀tì Schaller àtijọ́, kí ẹ tó dè é. S-Locks kò nílò rẹ̀. Ẹ fún síkúrù kékeré ara rẹ̀, ó parí.

Dunlop: òdìkejì ni tirẹ̀, láti apá ìta bẹ́líìtì ló ti ń wọlé. Wáṣà á wà ní apá gìtá, kílíìpù irin á sì há sínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gé sí ọrùn rẹ̀. Kílíìpù yìí kéré, ó sì máa ń fò. Ẹ fi aṣọ bò ó bí ẹ ṣe ń fi píláyà tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó má baà bá yín lójú. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú láti fi ìka yí i. Bó bá há dáadáa, ó jókòó yípo sínú ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí apá kan bá gbé sókè, kò tíì wọlé.

Bẹ́líìtì awọ tó nípọn jù kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì rí eyín tó pọ̀ tó dì mú, kì í sì í jẹ́ kí ojú ọ̀nà kílíìpù Dunlop yọ jáde. Ṣúmékà yẹn kan náà lè fá ẹ̀yìn awọ náà fẹ́lẹ́ níbi ihò. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́lẹ́ jù, tí irin ń mì nínú rẹ̀, ẹ gé awọ róbótó kan sí i lábẹ́ wáṣà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì

Ẹ dúró ti bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, kí ẹ gbé gìtá kọ́rùn, ọwọ́ kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fa etí bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan sí òkè, sí ẹ̀gbẹ́ àti síwájú. Ẹ fò díẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni ń dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wo síkúrù méjèèjì bóyá ọ̀kan ti gbé sókè. Bí irin bá ń dún wín-ín wín-ín nígbà tí ẹ bá ń mì, òróró kékeré tàbí fasilíìnì á pa á lẹ́nu mọ́.

Wáyà tó lọ sí àńpù, ẹ fi há àárín bẹ́líìtì àti ara gìtá kó tó wọ ihò jáàkì. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì lá fà, kò ní fa jáàkì yọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń lò ó

Ẹ máa fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àti síkúrù kí ẹ tó jáde nílé fún eré. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, ó sì máa ń sún kì díẹ̀, síkúrù tó fún lásìkò òjò sì lè tú. Ìyípo díẹ̀ ti tó láti dá a padà. Òógùn náà máa ń mú kí síkúrù dípẹtà. Bí ẹ bá rí ìpẹtà lórí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó lẹ̀ mọ́ igi.

Bí gìtá yín bá ju ẹyọ kan lọ, bọ́tìnnì nìkan ni ẹ nílò fún àwọn yòókù, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń tà á lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì kan á máa lọ láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Àwọn bọ́tìnnì àti síkúrù àtijọ́, ẹ dì wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ fi sínú àpótí gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lè béèrè wọn, pàápàá bí gìtá náà bá ti dàgbà.